Lẹ́ńsì kan fún gbogbo ìrìnàjò: èwo ni kí n rà fún Nikon D5300 mi?

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Nikon D5300 ni mo ní, lẹ́ńsì 18-55 tó bá a wá ni mo ṣì ń lò. Olùkọ́ ni mí ní Ìbàdàn, òpin ọ̀sẹ̀ àti ìgbà ọlidé ni mo máa ń ráyè ya fótò. Mo fẹ́ lọ sí Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo fẹ́ gun Òkè Ìdànrè, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe ìsọmọlórúkọ nínú ẹbí wa kí wọ́n má pè mí. Mi ò fẹ́ máa ru lẹ́ńsì méjì mẹ́ta kiri. Ẹni tó ń ta kámẹ́rà sọ pé Tamron 18-400 ni kí n rà, pé kò sí ibi tí kò lè fà dé. Ọ̀rẹ́ mi ní 18-200 ti tó mi. Èwo ni kí n rà kí owó mi má baà wọgbó?"

Àbúrò mi, o káre tí o béèrè kí o tó sanwó. Kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí mo fara mọ́, kí àlàyé wá tẹ̀ lé e. Wá Nikon AF-S DX 18-300mm f/3.5-6.3G ED VR, tòkunbọ̀ tó ṣì dá múṣémúṣé, kí o sì fi AF-S DX 35mm f/1.8G kékeré kan tì í fún inú ilé. Fi Tamron 18-400 yẹn sílẹ̀. Mo mọ̀ pé lẹ́ńsì kan ṣoṣo lo béèrè, mo sì dárúkọ méjì. Ohun tó fà á ni pé ìmọ́lẹ̀ ibi tí èèyàn ti ń ya fótò ló yẹ kó bá a yan lẹ́ńsì, kì í ṣe nọ́ńbà tó pọ̀ jù lára páálí. Ìmọ́lẹ̀ Ojúde Ọba yàtọ̀ pátápátá sí ti pálọ̀ tí wọ́n ti ń sọ ọmọ lórúkọ.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́ńbà yẹn. 18 ni ibi tí lẹ́ńsì ti ń wo fífẹ̀, tó fi lè kó odindi ẹgbẹ́ kan tó wọ ankò sínú àwòrán láìjẹ́ pé o rìn sẹ́yìn títí. 300 ni ibi tó ti ń fa ohun tó jìnnà wá sítòsí. Sẹ́ńsọ̀ inú D5300, ìyẹn ohun tó ń gba àwòrán sílẹ̀ nínú kámẹ́rà, kéré sí fíìmù mílímítà 35 ti àtijọ́, nítorí náà a máa ń fi 1.5 sọ nọ́ńbà wọ̀nyí di púpọ̀ kí a tó fi wọ́n wé ti kámẹ́rà fíìmù: 18 á di 27, 300 á di 450. Lẹ́ńsì 18-55 tó wà lọ́wọ́ rẹ ń sún ní ìlọ́po mẹ́ta péré. 18-300 ń sún ní ìlọ́po 16 àti díẹ̀. Ti Tamron 18-400 lé ní 22.

Irú lẹ́ńsì yìí ti pẹ́ lọ́jà. Tamron gbé 28-200 kan jáde ní 1992, nígbà tí fíìmù ṣì ń jọba, òun ló sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò mọ̀ pé èèyàn lè fi lẹ́ńsì kan jáde nílé kó má sì kábàámọ̀. Nikon gbé 18-200 tirẹ̀ jáde ní 2005. Tamron 18-400 dé ní 2017. Bí wọ́n ṣe ń fà á gùn sí i ni iṣẹ́ ẹni tó ń ṣe é ń le sí i. Gíláàsì 16 ló wà nínú Nikon 18-300 tí mo ń sọ yìí, wọ́n kó wọn jọ sí ọ̀wọ́ 12, bí o bá sì ti ń yí súùmù ni àwọn ọ̀wọ́ náà ń rìn síwájú, tí wọ́n ń rìn sẹ́yìn. Ètò tó máa jẹ́ kí igun àwòrán mú ní 18 kọ́ ló máa jẹ́ kó mú ní 300. Ẹni tó ń ṣe lẹ́ńsì á jọ̀wọ́ díẹ̀ níbí kó lè rí díẹ̀ gbà lọ́hùn-ún. Kò sí ilé iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ èyí, ì báà jẹ́ Nikon, ì báà jẹ́ Sigma.

Ibi tí o ti máa rí i lójú ara rẹ nìyí. Ní 18, ògiri tó dúró ṣánṣán á yọ ikùn síta létí àwòrán. Bí o bá sún un kọjá 35, ògiri yẹn kan náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wọnú. Ní 300, àwòrán kì í mú tó bó ṣe ń mú ní àárín súùmù, àfi kí o dín ojú lẹ́ńsì kù sí f/8 (màá ṣàlàyé nọ́ńbà f níwájú). Ti ògiri kò le: nínú mẹ́nù D5300 rẹ, o máa rí Auto distortion control, tàn án, kámẹ́rà á máa tọ́ ọ fúnra rẹ̀ nínú àwòrán JPEG. Ti 300 ni kí o fi sọ́kàn, torí òun ni ọlọ́jà kì í sọ.

Ó yá, ká gbé 400 tí wọ́n fi ń fa ojú rẹ mọ́ra yẹ̀ wò. Àwòrán D5300 jẹ́ píksẹ́lì 6000 ní ìbú, 4000 ní òòró. Bí o bá ya ẹlẹ́ṣin kan ní 300, tí o wá gé etí àwòrán náà kúrò títí ẹlẹ́ṣin fi tóbi tó bí ì bá ti rí ní 400, ohun tó kù sí ọ lọ́wọ́ ṣì jẹ́ 4500 lọ́nà 3000. Mílíọ̀nù 13 àti ààbọ̀ píksẹ́lì nìyẹn. O lè tẹ̀ ẹ́ jáde, kí o fi férémù gbé e kọ́ sára ògiri, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Gbogbo ohun tí 400 fi ju 300 lọ nìyẹn: ohun tí o lè fi gígé rí. Ní ti ìwúwo ńkọ́? Tamron yẹn tó bíi gíráàmù 700, Nikon 18-300 jẹ́ 550. Lórí tábìlì ọlọ́jà, gíráàmù 150 kò jọ nǹkan kan. Gun Ìdànrè dé ìdajì, kí kámẹ́rà ti wà lọ́rùn rẹ láti àárọ̀, ọrùn rẹ á ṣe ìṣirò náà fún ọ.

Mi ò bẹnu àtẹ́ lu 18-400 o. Ẹni tó ń ya ẹyẹ létí odò, tí kò sì lágbára lẹ́ńsì ńlá, á rí ìlò rẹ̀. Ìwọ kọ́ ni wọ́n ṣe é fún.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ bọ́gbọ́n mu ju ti ọlọ́jà lọ, ṣùgbọ́n wo èyí: Nikon 18-200 VR II, ẹ̀dà kejì rẹ̀, wọn gíráàmù 565, 18-300 f/6.3 sì wọn 550. Èyí tó gùn jù ló fúyẹ́ jù, torí pé ó tẹ̀yìn dé, 2014 ni wọ́n gbé e jáde, 18-200 VR II sì ti wà láti 2009. Ohun tí 18-200 fi jù ú lọ kò ju pé ojú rẹ̀ kì í kéré kọjá f/5.6, nígbà tí 18-300 á dé 6.3. Ìyàtọ̀ yẹn kò tó ohun tí o máa dá mọ̀ nínú fótò. Bí ó bá jẹ́ pé 18-200 nìkan ni owó rẹ ká, tí o sì rí èyí tó mọ́, rà á, kí ọkàn rẹ balẹ̀.

Níbí ni kí o ti la ojú rẹ. Nikon 18-300 méjì ló wà. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 2012 ní f/3.5-5.6 lára, gíráàmù 830 ni, ẹnu rẹ̀ sì jẹ́ mílímítà 77. Èyí tí mo ń sọ ní f/3.5-6.3, ẹnu rẹ̀ jẹ́ 67. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà máa ń kọ "18-300" lásán sórí ìpolówó. Béèrè nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn, tàbí kí o ní kí wọ́n ya fótò iwájú lẹ́ńsì ránṣẹ́ sí ọ. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kọ yí gíláàsì ká.

Èyí tó ń bá 18-300 du ipò lọ́kàn mi gan-an ni 18-140 ti Nikon. Ó wọ́pọ̀, torí pé ó wà lára àwọn tí wọ́n tà pọ̀ mọ́ D5300. Gíráàmù 490 ni, ó máa ń dínwó, súùmù rẹ̀ kò sì ju ìlọ́po mẹ́jọ lọ, nítorí náà àwòrán rẹ̀ ń mú ju ti 18-300 lọ níbi púpọ̀. Bí kì í bá ṣe ti Ojúde Ọba, òun ni ǹ bá ní kí o rà. Tún ìṣirò gígé yẹn ṣe: bí o bá fẹ́ kí fótò 140 rí bíi ti 300, ohun tó máa kù kò ju 2800 lọ́nà 1867 lọ, mílíọ̀nù márùn-ún àti díẹ̀. Ó tó fún WhatsApp, ó tó fún Facebook. Kò tó fún férémù ńlá. Ẹni tó máa dúró lẹ́yìn okùn, tí ẹlẹ́ṣin ń kọjá lọ́ọ̀ọ́kán, 300 ló máa tọrọ.

Má kàn gba èyí gbọ́ torí pé èmi ni mo sọ ọ́. Ẹ̀rí wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ. Ṣí fódà fótò tí o ti yà láti ọdún tó kọjá, fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ fótò kan, yan Properties, lọ sí Details, kí o sì wo Focal length. Ṣe é fún púpọ̀ nínú wọn. Bí ó bá jẹ́ 55 lo ń bá níbẹ̀ ṣáá, tí o sì rántí pé ṣe ni ọwọ́ rẹ ń wá ibi tí súùmù á tún yí dé, o nílò lẹ́ńsì gígùn lóòótọ́. Bí ó bá jẹ́ 18 ló kún ibẹ̀, inú yàrá tó há àti àgbàlá lo ti ń yà, 300 kò sì ní tán ìṣòro yẹn. Ẹni tí tirẹ̀ bá rí báyìí, kó wo Tamron 16-300, tí òun náà jáde ní 2014. Mílímítà méjì láti 18 sí 16 ṣe pàtàkì ju ọgọ́rùn-ún láti 300 sí 400 lọ, torí pé a lè gé fótò kù, a ò lè gé e kún.

Wàyí o, ìmọ́lẹ̀. Nọ́ńbà f tó wà lára lẹ́ńsì ń sọ bí ojú rẹ̀ ṣe lè là tó. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré ni ojú ṣe ń là sí i. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: pín gígùn lẹ́ńsì sí nọ́ńbà f, o máa rí bí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ṣe fẹ̀ tó. 300 tí a pín sí 6.3 jẹ́ bíi mílímítà 48. Ìyẹn ṣeé kó sínú lẹ́ńsì tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ 67. Bí a bá fẹ́ f/2.8 ní 300, ihò náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó mílímítà 107. Nikon ti ṣe irú rẹ̀ fún àwọn tó ń ya bọ́ọ̀lù: kílógíráàmù 2.9 ni, kì í sì í sún rárá, 300 ni, 300 náà ló máa wà. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí lẹ́ńsì fífúyẹ́ tó ń sún jìnnà tí ojú rẹ̀ á là títí dé òpin. Ojú rẹ̀ kì í sì í dúró dé 300 kó tó kéré. Wo ojú kámẹ́rà bí o ṣe ń yí súùmù, wà á rí i tí 3.5 ń di 4, tí 4 ń di 4.5, kó tó dé 100, ó ti kọjá 5.

Nínú oòrùn, èyí kì í ṣe ẹjọ́. Àwọn ayàwòrán àtijọ́ ní òfin kan tí kò tíì yẹ̀: bí oòrùn bá ràn gan-an, f/16, ISO 100 (ISO ni bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí), kí ṣọ́tà, ìyẹn ìwọ̀n àkókò tí kámẹ́rà fi ń ṣí gba ìmọ́lẹ̀, wà ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá. Ṣe ìyípadà rẹ̀ fún Ojúde Ọba: f/8, ISO 400, ṣọ́tà á di 1/1600. Ìyẹn á dá ẹṣin tó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè dúró gbọn-in. f/8 sì ni ibi tí 18-300 ti ń mú dáadáa. Ohun gbogbo tí lẹ́ńsì yìí ń fẹ́ ló wà níbẹ̀.

Ìwọ náà wo bí ọjọ́ yẹn ṣe máa ń rí, ọjọ́ kẹta Iléyá. Ẹgbẹ́ ojúgbà kan á yọ, aṣọ wọn kan náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, agbòòrùn lókè; 24 lo máa fi kó wọn pọ̀. Wọn ò tíì kọjá tán tí àwọn ìdílé Balógun fi gun ẹṣin dé, tí o sì fẹ́ ojú ẹni tó wà lórí ẹṣin nìkan, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ ìjánu ẹṣin nísàlẹ̀: 200, 250. Èrò ń tì ọ́ lẹ́yìn, eruku ẹsẹ̀ ẹṣin ń sọ. Ẹni tó bá ní òun ń yọ lẹ́ńsì kan, òun ń fi òmíràn sí i lásìkò yẹn, ẹṣin ti lọ kó tó ṣe tán, eruku sì ti bà lé sẹ́ńsọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe lẹ́ńsì alágbára gbogbo-ǹ-ṣe gan-an nìyí, mi ò sì mọ ohun tó lè ṣe é dáa jù ú lọ fún ẹni tó dá nìkan wà.

Kí n fi ìmọ̀ràn kan kún un nípa ọjọ́ yẹn. Agbádá funfun àti léèsì tó ń dán máa ń tan kámẹ́rà jẹ. Kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì dín in kù, ojú àwọn èèyàn wa á wá ṣókùnkùn, pàápàá lábẹ́ fìlà àti gèlè lọ́sàn-án gangan. Di bọ́tìnì tó ní àmì + àti − mú, yí i sí +0.7, kí o wo ojú èèyàn inú fótò, má wo aṣọ. Bí aṣọ bá funfun jù díẹ̀, ó sàn ju kí ojú màmá ẹni má hàn lọ.

Kí o má sì jẹ́ kí wọ́n fi VR tàn ọ́. VR dára, ó ń bá ọ mú ọwọ́ tó ń gbọ̀n dúró, lẹ́ńsì gígùn láìsí i á tó ọ ṣe wàhálà. Ṣùgbọ́n kò lè mú ẹṣin dúró, kò sì lè mú ọmọ tuntun dúró. Ohun tó ń rìn, ṣọ́tà nìkan ló ń dá a dúró. Láìsí VR, lójú 300, má lọ sísàlẹ̀ 1/500. Bí o bá gbé kámẹ́rà sórí sítáàǹdì, pa VR.

Ó di inú pálọ̀. Òwúrọ̀ ìsọmọlórúkọ, kọ́tìnnì ti dí fèrèsé, iná lè wà, ó lè máà sí. Ìyá àgbà gbé ọmọ, àwọn èèyàn yí i ká, ìwọ náà sì dúró nítòsí wọn. 300 kò wúlò fún ọ níbẹ̀. 35 lo máa lò, ojú 18-300 ní 35 sì wà ní bíi f/4.5. Ojú 35mm f/1.8 ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé ní ìlọ́po mẹ́fà àti díẹ̀ ju ìyẹn lọ. Níbi tí lẹ́ńsì kékeré yẹn ti ń lo ISO 1600, tí àwòrán ṣì mọ́, 18-300 á bèèrè ISO 10,000, kí ṣọ́tà má baà lọ sílẹ̀. Òpin ISO D5300 rẹ, kó tó wọ ti àfikún, ni 12,800. O mọ bí fótò ṣe ń rí níbẹ̀: gbogbo ojú èèyàn á kún fún èérún, àwọ̀ ara á ṣì.

"Ṣé mi ò lè lo fílàṣì tó wà lórí kámẹ́rà?" O lè lò ó, ṣùgbọ́n dán èyí wò kí o tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Fi 18-300 sí kámẹ́rà, fi súùmù sí 18, gbé fílàṣì sókè, ya ìlẹ̀kùn funfun láti ìwọ̀n mítà kan. Wà á rí òjìji dúdú roboto kan ní ìsàlẹ̀ fótò. Òjìji lẹ́ńsì fúnra rẹ̀ ni, torí pé fílàṣì kámẹ́rà kò ga tó láti ré e kọjá. Yíyọ ike tí wọ́n fi ń dí oòrùn níwájú lẹ́ńsì á dín in kù, ó lè má tán. 35mm kúrú, kì í jú òjìji kankan. Gíráàmù 200 ni, ó ń wọ àpò ẹ̀wù. Nígbà tí o bá ń lọ sí Ìdànrè, fi í sílé. Nígbà tí o bá ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ, òun nìkan ni kí o mú lọ, kí o fi èyí tó wúwo sílẹ̀. Nítorí náà lẹ́ńsì kan náà lo máa rù lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, bí o ṣe fẹ́.

Ó ku rírà. Ní Computer Village n'Íkẹjà tàbí níbikíbi tí o bá ti rí tòkunbọ̀, gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Gbé kámẹ́rà rẹ àti tọ́ọ̀ṣì dání. Ohun àkọ́kọ́ tí o máa wò ni àwọn lẹ́tà AF-S. D5300 kò ní ẹ̀rọ tó ń yí fókọ́ọ̀sì nínú ara rẹ̀, inú lẹ́ńsì ni ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ wà. Nikon ti ṣe 28-200 AF láyé àtijọ́, AF lásán, kò ní S. Ó máa wọ kámẹ́rà rẹ, á ya fótò, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni wà á máa fi yí fókọ́ọ̀sì títí ayé. Tamron 18-200 tó jáde ní 2005 náà, àwọn kan nínú rẹ̀ fún Nikon kò ní ẹ̀rọ yìí, àwọn tó tẹ̀ lé e ló ní in. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o gbé kámẹ́rà rẹ dání: kọ́ lẹ́ńsì mọ́ ọn, tẹ ṣọ́tà dé ìdajì, kí o rí i pé ó yí fúnra rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ owó tó wáyé. Bí wọ́n bá sì gbé 28-300 wá, pé òun náà dé 300, dá a padà: 28 lórí kámẹ́rà rẹ dà bíi 42, pálọ̀ àti ẹgbẹ́ aláǹkò kò ní wọ inú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, yọ lẹ́ńsì kúrò lára kámẹ́rà, kí o yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta. Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀, létí irin roboto tó ń wọ kámẹ́rà. Fi ìka tì í jẹ́jẹ́: àwọn ewé irin dúdú tó pa ojú lẹ́ńsì dé á ṣí sílẹ̀. Jọ̀wọ́ rẹ̀: wọ́n gbọ́dọ̀ padà wéré, kí wọ́n sì gbẹ. Bí o bá rí òróró tó ń dán lára wọn, tàbí tí wọ́n ń falẹ̀, gbé e sílẹ̀. Tún tì í kí ojú rẹ̀ là, tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀yìn, kí o yọjú láti iwájú, ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́, má wò ó tààrà. Eruku mélòó kan kò burú, kò sí lẹ́ńsì tó ń nà jáde tí eruku kì í wọ̀. Èbu lo ń wá. Ó máa ń rí bí okùn aláǹtakùn, láti etí gíláàsì wọnú. Ọ̀rinrin ilẹ̀ wa àti ti London ló ń bí i, ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ló sì ti sùn sínú báàgì fún ọdún mélòó kan kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Má ra èyí tó ní èbu, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Di lẹ́ńsì mú kí ẹnu rẹ̀ kọjú sílẹ̀, kí súùmù wà ní àárín. Bí ó bá yọ́ jáde fúnra rẹ̀ díẹ̀, ó wọ́pọ̀ nínú irú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí Nikon fi fi bọ́tìnì sí i tó ń tì í pa ní 18. Bí ó bá já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ti gbó. Paríparí rẹ̀, wá ògiri bíríkì tàbí bébà ìròyìn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, dúró kọjú sí i gbọọrọ, fi f/8 yà á ní 18, ní 50, ní 140 àti ní 300, kí o wá fẹ̀ wọ́n lójú kámẹ́rà, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí igun rọ̀ díẹ̀ ju àárín lọ kò burú. Ohun tí o kò gbọ́dọ̀ gbà ni kí apá òsì mú, kí apá ọ̀tún ṣe bàìbàì. Lẹ́ńsì tó rí báyẹn ti já bọ́ rí, gíláàsì kan ti yẹ̀ nínú rẹ̀, àtúnṣe rẹ̀ kì í sì í yanjú. Ọlọ́jà tí kò bá gbà kí o ṣe èyí, má bá a jà, kí i pé ó dàbọ̀.

Ẹ̀yin tó ń lo Canon tó jẹ́ irú tirẹ̀, bíi 2000D tàbí 800D, 1.6 ni kí ẹ fi sọ di púpọ̀. Canon kò ṣe 18-300. 18-135 IS USM ti 2016 ni mo fara mọ́ jù fún yín. Ó ń yá, ó ń mú, ó sì ju 18-200 ti 2008 lọ. Ẹni tó bá ní dandan 300, Sigma 18-300 Contemporary wà fún Canon, gíráàmù 585. Ó wà fún Nikon náà, bí tìrẹ bá ṣòro láti rí.

Àwọn kan máa sọ fún ọ pé kámẹ́rà onídígí (DSLR), irú tìrẹ yìí, ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, pé kí o má náwó sórí lẹ́ńsì rẹ̀ mọ́. Òótọ́ ni pé orí Z, kámẹ́rà rẹ̀ tí kò ní dígí nínú, ni Nikon ń ná agbára rẹ̀ sí láti 2018. Òótọ́ náà sì ni pé ìyẹn ló ń jẹ́ kí àwọn lẹ́ńsì yìí dínwó. Bí o bá ra Z lọ́jọ́ iwájú, FTZ tí wọ́n ń fi so wọ́n pọ̀ wà, AF-S méjèèjì yìí á sì máa yí fókọ́ọ̀sì fúnra wọn lórí rẹ̀. Owó rẹ kò ní ṣègbé.

Tí o bá ti rà á, ra fílítà UV ẹlẹ́nu 67 tó dára, gíláàsì tí wọ́n ń yí mọ́ iwájú lẹ́ńsì, pàápàá nítorí eruku ọyẹ́. Má fi lẹ́ńsì sínú báàgì aláwọ tí wọ́n ń tì pa fún oṣù. Ike oúnjẹ tí ìdérí rẹ̀ ń mú dáadáa, pẹ̀lú àpò silica gel mẹ́ta mẹ́rin nínú rẹ̀, ló ń ṣe é jù. Nígbà tí silica náà bá ti mu omi, sá a sóòrùn tàbí kí o pààrọ̀ rẹ̀. Kí o sì rà á kí Iléyá tó kù sí dẹ̀dẹ̀. Gbé e lọ sí pápá iléèwé yín nígbà eré ìdárayá, ya àwọn ọmọ tó ń sáré ní 300, títí ọwọ́ rẹ fi mọ ibi tí súùmù ń yí sí láìjẹ́ pé o wò ó. Má ta 18-55 rẹ. Owó tó máa mú wá kò tó nǹkan, ọjọ́ tí lẹ́ńsì ńlá bá sì wà lọ́dọ̀ alátùn-únṣe, òun ni wà á fi ṣiṣẹ́.